Ọjọ́ Tí Mo Dùbúlẹ̀ Sínú Èéfín fún Ìdánwò Fúnmi

"Kowa ya fito!"

Ohùn Bitrus ni mo gbọ́ yẹn. Hausa ló fi sọ ọ́: gbogbo ènìyàn ti jáde. Mo gbọ́ ọ ketekete láti inú ilé, nítorí páànù lásán ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé. Bitrus ti wo pátákó ọwọ́ rẹ̀, kò rí káàdì kankan mọ́ lára rẹ̀. Lójú òfin iṣẹ́ wọn, ilé ti ṣófo.

Èmi sì wà nínú rẹ̀. Mo wà lórí eékún nínú èéfín tó dúdú débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún kan ohun tí mo gbà pé ògiri ni, mo sì ń wá ilẹ̀kùn.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ oníròyìn ní Zaria. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi débẹ̀. Mo ti dúró níwájú iná púpọ̀: iná ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò PZ, iná ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Bomo, iná pòròpòrò ọkà bàbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé láti oko wọ àgbàlá. Bí mo bá débẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń béèrè. Màá bi onílé léèrè ohun tó jóná. Màá bi aládùúgbò léèrè ohun tó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni màá wá kọjú sí panápaná, màá ní kí ló dé tí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dùn mọ́ àwọn òǹkàwé mi jù.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá panápaná kan tí mo bi ní ìbéèrè náà nu ojú rẹ̀ tó kún fún èédú, ó ní, "Alàgbà, ẹ ti ń bi wá léèrè bí a ṣe pẹ́ láti ọdún yìí wá. Ẹ wá wo bí a ṣe ń kọ́ wíwọlé."

Bí mo ṣe dé ibi kọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ni kọ́ọ̀sì náà. Ilé ìkẹ́rùsí òwú àtijọ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni wọ́n ti ń ṣe é, yàrá mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú igi dóńgóyárò ńlá kan níwájú. Àwọn panápaná wá láti ìlú lóríṣiríṣi, àwọn kan sì wá láti ilé iṣẹ́ aládàáni. Bí wọ́n bá yege, wọ́n á gba ìwé-ẹ̀rí pé wọ́n lè wọ inú ilé tó ń jó. Ẹni tí kò bá ní ìwé náà lè wa ọkọ̀, ó lè fa rọ́bà omi, ṣùgbọ́n ìta ni yóò máa dúró sí.

Olùkọ́ àgbà wọn ni Máláà Habu, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panápaná. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin nígbà kan, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá, Hausa a kàn máa yọ sí i bí iyanrìn nínú gààrí. Dan Jarida ló ń pè mí, ìyẹn ọmọ oníwèé ìròyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun orí mi ti funfun ju tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àkàbà gígùn, okùn dídì àti rọ́bà omi ni. Mo rí ọkùnrin gìrìpá tó dé òkè àkàbà tó wá ń ka Sáàmù. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnimí jáde. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ ni, wọ́n á gbé e pọ̀n bí ọmọ, wọ́n á sì fi ìbòjú onígíláàsì bo ojú àti imú. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti ń tán lọ, fèrè kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lára rẹ̀ fúnra rẹ̀, wíwíwí, ohùn tó lè la ariwo ẹ́ńjìnnì já. Méjì méjì ni wọ́n ń wọlé. Bí fèrè ẹnì kan bá dún, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jáde.

Olúkúlùkù ló ní káàdì oníke tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, tó fi okùn so mọ́ àyà. Kí ó tó wọlé, á já a fún ẹni tó mú pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Onípátákó á fi í há pátákó, á kọ aago tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jáde, á gba káàdì rẹ̀ padà. Káàdì tó bá ṣì wà lórí pátákó, ènìyàn ṣì wà nínú iná nìyẹn. Bitrus, ọmọkùnrin kan tó ní ohùn bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ni onípátákó wa.

Òfin kan ṣì wà tí Máláà Habu máa ń tún sọ lójoojúmọ́. "Nínú èéfín, ojú kò wúlò. Fi ọwọ́ ọ̀tún sára ògiri, máa rá lọ, má gbé ọwọ́ kúrò. Ògiri á mú ẹ yí yàrá po, á sì dá ẹ padà sí ẹnu ọ̀nà tí o gbà wọlé. Ògiri ni ìyá ẹ. Ọmọ kékeré kì í fi ọwọ́ ìyá ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà, haba!"

Fúnmi máa ń ka gbolóhùn yìí sínú bí ẹni ń gbàdúrà. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ àdúgbò Tukur-Tukur ni, ìdílé rélùwéè bíi tèmi. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Danjuma, ọkùnrin dúdú bọ̀lọ̀jọ̀ kan tí kì í yé dápàárá, ni wọ́n jọ ń wọlé. Fúnmi ti jókòó sídìí tẹlifóònù ní iléeṣẹ́ panápaná fún ọdún mẹ́fà. Òun ló ń gbé e bí ènìyàn bá pè pé iná ń jó. Ó ti ṣe ìdánwò èéfín lẹ́ẹ̀mejì rí, ó kùnà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni gbèǹdéke. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹrin fún un.

Mo bi í lábẹ́ dóńgóyárò pé kí ló dé tí kò fi jókòó jẹ́ẹ́ sídìí tẹlifóònù rẹ̀.

"Bọ̀dá Akin, ẹ ò tíì gbé tẹlifóònù yẹn rí," ó ní. "Obìnrin kan pè mí lọ́yẹ́ tó kọjá. Ó ní èéfín ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo ní, 'Màámi, ẹ fi aṣọ tútù dí i, wọ́n ti ń bọ̀.' Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó wá dákẹ́. Mi ò lè pa fóònù náà. Mo kàn ń sọ pé wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ti ń bọ̀." Ó gé èékánná rẹ̀ jẹ. "Èmi fẹ́ wà lára àwọn tó ń bọ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìdánwò. Ìdánwò náà rọrùn láti sọ: wọ́n á tan pòròpòrò tútù sínú dúrọ́ọ̀mù irin méjì ní yàrá àkọ́kọ́, èéfín á kún ilé, wọ́n á gbé ẹnì kan pamọ́ sínú yàrá kejì, àwọn méjì á wọlé lọ wá a, wọ́n á sì wọ́ ọ jáde. Àwọn olùkọ́ ti to àpò iyanrìn jọ ga dé orí láàárín yàrá kẹta, kí ó lè dà bí ṣọ́ọ̀bù tí ọjà kún. Ẹni tí wọ́n máa ń gbé pamọ́ ni Audu. Àpò jútì tí wọ́n rán lọ́wọ́ rán lẹ́sẹ̀, tí wọ́n rọ iyanrìn àti àkísà sí nínú, ni Audu, ó sì wúwo tó géńdé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò Fúnmi, àwọn tó kọ́kọ́ wọlé wọ́ Audu jáde tagbára tagbára, ikùn rẹ̀ sì bẹ́. Iyanrìn dà sílẹ̀ bí ọkà láti inú abà.

"Audu ti kú ikú kejì," ni Danjuma wí.

Wọ́n gbé e fún télọ̀ kan ní Tukur-Tukur. Télọ̀ náà ní ó di ọ̀la tàbí ọ̀tunla. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé, "Ẹ fi mí síbẹ̀." Mo rò ó pé ìròyìn wo ni yóò dùn tó ti ẹni tí wọ́n wọ́ jáde fúnra rẹ̀? Kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi.

Máláà Habu wò mí títí. Ó wá fi sìlíńdà kékeré kan kọ́ mi lẹ́yìn, ó fi ìbòjú bò mí lójú, ó fún mi ní ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn. "Afẹ́fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ó ní. "Abẹ́ tábìlì ní yàrá kejì ni ibùsùn ẹ. Òkú kì í rìn. Bí mo bá kígbe pé ó tó, fi ọwọ́ ọ̀tún sára ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, rá lọ, ìgbésẹ̀ mẹ́rin, o ti dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Kò sẹ́ni tó fún mi ní káàdì. Àwọn olùgbàlà ló ń ní káàdì. Audu kò ní in rí.

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo tan fóònù mi kí ó máa gba ohùn sílẹ̀. Èéfín wọlé díẹ̀díẹ̀, ó kọ́kọ́ bo àjà, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ojú fèrèsé, ó bo ẹsẹ̀ tábìlì. Kò pẹ́ tí mo fi di afọ́jú. Mo ń gbọ́ èémí ara mi nínú ìbòjú bí ìgbà tí ayùn bá ń gé pákó. Mo gbọ́ tí Fúnmi àti Danjuma wọ yàrá àkọ́kọ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn.

Ibẹ̀ ni ìwà oníròyìn ti gbé mi. Ohùn wọn jìnnà, mo sì mọ̀ pé fóònù kò ní í gbé e dáadáa. Mo rò pé bí mo bá rá dé ẹnu yàrá kẹta, tí mo kọjú sí wọn, màá gba ohùn wọn nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ tààrà. Mo jáde lábẹ́ tábìlì. Mo rá, mo rá, mo tún sún sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n má baà tètè tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo máa dúró, n kò mọ yàrá tí mo wà mọ́.

Wọ́n wọ yàrá kejì. Mo gbọ́ tí Fúnmi gbá tábìlì, tó wo abẹ́ rẹ̀. "Kò sí nǹkan níbí!" Bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fèrè Danjuma dún. Òfin ni òfin. Wọ́n padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, mo gbọ́ ohùn Máláà Habu lóde: "Ya isa!" Ó tó.

Mo na ọwọ́ ọ̀tún, ó kan nǹkan líle. Ògiri. Mo ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Mo ka ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kò sí ilẹ̀kùn. Mo ka mẹ́wàá. Igi kan tó yọ síta gún mi léjìká. Mo kọjá rẹ̀, mo ń lọ. Ìgbà náà ni Bitrus kígbe rẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ti jáde.

Mo pariwo. Ohùn tó wà nínú ìbòjú kì í jáde síta, ó dà bí ẹni tó ń pariwo sínú irọ̀rí. Nígbà tí wọ́n bá sì ti kéde pé ilé ti ṣófo, iṣẹ́ tó kàn ni pé kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì omi, kí wọ́n fi omi pa pòròpòrò inú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Omi kan iná, ooru funfun tú wọ èéfín dúdú, ó gbóná mọ́ mi lọ́rùn. Igi kan gún mi léjìká. Mo kọjá rẹ̀. Mo ń rá. Ìgbà kẹta tí igi náà gún mi ní ibì kan náà, ní èjìká kan náà, ni mo tó fura. Yàrá wo ló kéré tó báyìí? Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà lára ògiri. Olùkọ́ ti ní kí n má gbé e kúrò.

Fèrè ẹ̀yìn mi dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde, bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi. Danjuma ti bọ́ sìlíńdà rẹ̀, ó ti tẹ́ ẹ sórí tapólì pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Fèrè rẹ̀ ṣì ń dún nígbà tó bọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè, kò sẹ́ni tó yí orí. Mo bi í léèrè lẹ́yìn náà pé níbo ló rò pé mo wà. Ó ní, "Mo rò pé o ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, o ti lọ kọ ìròyìn ẹ. Wallahi, mo tiẹ̀ ní, ọkùnrin yìí kò lè dágbére ni?"

Bitrus ní, "Èmi wo pátákó. Pátákó mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ wò?"

Fúnmi ní, "Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé sìlíńdà Danjuma kúrò nínú oòrùn. Mo rí i pé Danjuma ti ti ẹnu sìlíńdà náà pa. Mo gbé etí lé e, kò dún. Fèrè sì ń dún. Mo ní, ah-ah, ta ló ń fọn ún?"

Kò dúró de ìdáhùn. Afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú tirẹ̀. Ó fa ìbòjú sójú, ó sáré gba ẹ̀yìn wọlé.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé nǹkan di bàtà mi mú. Mo tapá. Ó tún dì í mú, ó gun ara mi gòkè bí ẹni ń gun igi, ìbòjú rẹ̀ kan ìbòjú mi gbà.

"Bọ̀dá Akin! Ẹ tẹ̀lé mi!"

"Mo wà lára ògiri!"

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

"Ògiri ni, Fúnmi! Ilẹ̀kùn ń bọ̀ níwájú!"

"Kì í ṣe ògiri! Àpò iyanrìn ni! Ẹ kàn ń yí i po ni!"

Mo gbọ́ ọ, ó yé mi, ọwọ́ mi kò sì gbà. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, mo ní ọmọ ní yunifásítì, mo sì di àpò iyanrìn mú bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú. Ó ṣí ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fèrè mi ti ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà náà. Ó fi ọrùn ẹ̀wù mi wọ́ mi kọjá ibi tí kò sí nǹkan kan rárá, ibi òfìfo láàárín yàrá, ìyẹn sì ni ibi tó bà mí lẹ́rù jù lọ. Lẹ́yìn náà ni ògiri gidi. Lẹ́yìn náà ni oòrùn.

Wọ́n gbé mi sábẹ́ dóńgóyárò. Mo mu omi, mo bì í. Máláà Habu kúnlẹ̀ tì mí, ó ń sọ "Subhanallahi, Subhanallahi." Nígbà tó rí i pé mo ń mí dáadáa, ó dìde, ó kọjú sí Fúnmi.

"Káàdì ẹ dà?"

Fúnmi fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. Káàdì náà wà níbẹ̀.

"O dá wọlé. Kò sẹ́nì kejì. Kò sí orúkọ ẹ lórí pátákó. Ká ní àjà já lé ẹ lórí, ta ni à bá wá lọ?"

"Ọ̀gá, fèrè ń dún."

"Mo gbọ́ fèrè. Mo ní káàdì ẹ dà?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo ní ọ̀rẹ́ kan. A jọ wọ iṣẹ́ ni. Iná ọjà, a jáde tán, ó ní òun gbọ́ ohùn ọmọ. Ó padà wọlé, káàdì ẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀. Wọ́n ka pátákó, wọ́n ní a pé. A di ẹrù, a lọ ilé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i." Ó ṣí ìwé ìdánwò rẹ̀. "Àti pé, yàrá kejì, ẹ wá a, ẹ ò rí ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ìyẹn náà, kíkùnà ni."

Fúnmi ń wo bírò tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Mo lè dákẹ́. Gbogbo wọn ń ṣàánú mi, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, Bitrus tiẹ̀ ń bẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ibi tí mo wà. Ogún ọdún ni mo ti fi ń bi àwọn ẹlòmíràn léèrè ohun tí wọ́n ṣe, ó sì le fún mi láti la ẹnu.

"Máláà, n kò sí ní yàrá kejì," mo wí. "Mo kúrò lábẹ́ tábìlì. Mo fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n wo ibi tó yẹ kí wọ́n wò, èmi ni n kò sí níbẹ̀."

Ó yíjú sí mi. Mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Ohùn wà nínú rẹ̀: ìgbà tí mo rá kúrò, ìgbà tí Fúnmi gbá tábìlì. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Mo ní òkú kì í rìn."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Má sọ pé kí n jọ̀ọ́. Èmi ni ǹ bá lọ bá ìyàwó ẹ." Ó dá fóònù mi padà. "Èmi náà ni mo kígbe pé ó tó, tí mi ò lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kọ ìyẹn náà sínú ìwé ìròyìn ẹ. Kọ orúkọ mi sí i."

Òun àti àwọn olùkọ́ méjì yòókù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n jiyàn. Nígbà tó padà, ó ní ìdánwò tí ẹni tí wọ́n ń wá kò dúró síbi tí wọ́n fi í sí kì í ṣe ìdánwò, kò sẹ́ni tó yege, kò sẹ́ni tó kùnà. Wọ́n á tún un ṣe ní ọ̀la, ọjọ́ tó kẹ́yìn kọ́ọ̀sì. Ní ti wíwọlé láìfi káàdì sílẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní kí Fúnmi fọwọ́ sí i. "Bí o bá tún fi káàdì sáyà wọlé, má tún padà wá síbí mọ́."

Ọ̀ràn kan ló kù. Audu ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀. Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n máa gbé pamọ́, ìdánwò Fúnmi di kọ́ọ̀sì mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún ṣe òmíràn. Danjuma wo ojú mi, ó ní, "Oníròyìn mélòó ló wà ní Zaria gan-an?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún ìyàwó mi nílé pé mo máa padà lọ. Ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ dúró. "Ṣé iṣẹ́ òkú lo wá gbà báyìí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bitrus ti gé páálí, ó ti kọ AUDU sí i gàdàgbà, ó fi okùn kọ́ ọ sí mi lọ́rùn. Ní ẹnu ọ̀nà, ó já a, ó fi há pátákó. Máláà Habu ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tó bá ń mí tó bá wọ ilé yẹn gbọ́dọ̀ ní káàdì.

Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì. N kò mú fóònù dání. Ẹ̀rù ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tí kò mọ nǹkan. Ti ọjọ́ yìí mọ orúkọ ara rẹ̀. Kí èéfín tó dé ojú fèrèsé ni mo ti ń mí bí ajá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá dìde sáré, ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ni. Mo tún ń sọ fún ara mi pé bí mo bá dìde, ọmọ náà á padà sídìí tẹlifóònù títí ayé.

Mo gbọ́ wọn ní yàrá àkọ́kọ́. Wọ́n ń pẹ́. Kí ló ń dá wọn dúró? Wọ́n wọ yàrá kejì. Ọwọ́ kan gbá ilẹ̀ nítòsí orí mi, mo gbọ́ ìró ìbọ̀wọ́ náà lórí sìmẹ́ǹtì. Ó tún gbá ilẹ̀, ó ti jìnnà díẹ̀. Ó ń kọjá lọ. Mo di eyín mi pọ̀. Òkú kì í rìn, òkú kì í pe ẹni tó ń wá a. Ìró náà dé igun yàrá, ó dákẹ́. Mo ka mẹ́wàá. Mo ka ogún. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti na ẹsẹ̀ kan jáde.

Ọwọ́ bọ́ sórí àyà mi.

"Mo rí i! Danjuma, mo rí i! Ẹsẹ̀, gbé ẹsẹ̀!"

Wọn kò gbé mi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n fi mí gbá ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n fi mí gbá férémù ilẹ̀kùn. N kò tíì gbádùn ìyà bẹ́ẹ̀ rí.

Lóde, Bitrus wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó já káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Máláà Habu wo aago rẹ̀, ó wo àyà Fúnmi tí kò sí káàdì níbẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Kò kí i kú oríire. Ó ní, "Láti ọjọ́ Ajé, kì í ṣe ìdí tẹlifóònù. Ìdí ọkọ̀ ni kí o ti dúró, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ẹ." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Danjuma hó, ó gbé akoto rẹ̀ jù sókè. Fúnmi kò hó. Ó rìn dé abẹ́ dóńgóyárò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo fún un ní omi. Ìdajì rẹ̀ dà sára ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ̀rù bà mí, Bọ̀dá Akin. Lánàá àti lónìí. Láti ẹnu ọ̀nà títí tí mo fi jáde."

Mo ní, "Èmi náà. Ó kù díẹ̀ kí n sá."

Ó mi orí. Ó mu omi tó kù.

"Tiyín sàn," ó ní. "Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Èmi ni ẹni tó ń bọ̀ yẹn."